Títo Ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú Atọ́ka Kọ̀ǹpútà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń rí àkọsílẹ̀ kan mú láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ Yorùbá fi máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí a fi orúkọ àwọn tó jókòó ṣèdánwò ṣe àpẹẹrẹ. Bí wọ́n ṣe ń dé ni a ń kọ wọ́n sílẹ̀. Láìsí atọ́ka, kọ̀ǹpútà yóò máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan ẹni tí à ń wá. Atọ́ka kì í tú àkọsílẹ̀ yìí tò. Lọ́tọ̀ ni ó wà. Kọ́kọ́rọ́ ìwárí ni ó wà nínú rẹ̀, ìyẹn orúkọ tàbí nọ́ńbà ìdánwò tí a ti tò tẹ̀léra, pẹ̀lú ibi tí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Bayer àti McCreight ni wọ́n tẹ ìlànà kan jáde ní 1972, tí ó pín atọ́ka sí ẹ̀ka bí igi. Bí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan bá gba kọ́kọ́rọ́ 100, ojú-ìwé 3 péré ni a ó ṣí kí a tó rí ọ̀kan nínú mílíọ̀nù kan. Nọ́ńbà ìdánwò ló sì yẹ ní kọ́kọ́rọ́ ju orúkọ lọ. Táíwò mélòó ni kò lè wà nínú gbọ̀ngàn kan!

Ṣùgbọ́n ta ní ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé èyí ló ṣáájú tọ̀hún? Bí a kò bá kọ́ ọ ní álífábẹ́ẹ̀tì wa, iye tí Unicode fún lẹ́tà ni yóò tẹ̀ lé: y jẹ́ 121, ṣ jẹ́ 7779, ẹ jẹ́ 7865. Nípa bẹ́ẹ̀, 'ẹja' yóò bọ́ sẹ́yìn 'yàrá' àti 'ṣíbí', 'gbọ̀ngàn' yóò sì ṣáájú 'gèlè'.

Èyí tó le jù ni pé ọ̀nà tí a lè gbà tẹ ọ̀ ju ẹyọ kan lọ. A lè tẹ ọ kí a fi àmì ohùn lé e. A lè tẹ ò kí a fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. A sì lè tẹ o kí àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Ojú wa kò mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà 3 yìí nìkan fún 'ọ̀gẹ̀dẹ̀' ní ìrísí 27. Ẹni tó bá fi ọ̀kan wá a lè má rí èyí tí a fi òmíràn kọ. Ó pọn dandan kí a sọ gbogbo wọn di ìrísí kan ṣoṣo kí a tó fi wọ́n pamọ́, kí a sì ṣe bákan náà fún ọ̀rọ̀ tí à ń wá.

Àwọn mìíràn a gé gbogbo àmì dànù. A kò fara mọ́ ọn, nítorí 'ọkọ' àti 'oko' yóò di ọ̀kan náà. Atọ́ka méjì ló tọ́ lójú tiwa: ọ̀kan tó ní àmì ohùn, ọ̀kan tó pa àmì ohùn tì ṣùgbọ́n tó fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé, nígbàkígbà tí àkọsílẹ̀ tuntun bá wọlé, atọ́ka méjèèjì ni kọ̀ǹpútà yóò tún ṣe.