Kí Ló Pa Iléeṣẹ́ Irin Òṣogbo?

Ẹ̀yin ará kíláàsì mi, Ìrè-Èkìtì tiwa nílùú Ògún, àmọ́ Òṣogbo ni ìjọba kọ́ iléeṣẹ́ irin sí láyé Shagari, pé kó máa ṣe 210,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Èmi náà rò pé wọ́n ń yọ́ irin níbẹ̀. Rárá o. Aladja, lẹ́bàá Warri, ló ń yọ́ ọ. Òṣogbo kàn ń fà á di ọ̀pá tí bíríkìlà fi ń kọ́lé ni. Nígbà tí irin Aladja ò wá tó mọ́, ẹ̀rọ dákẹ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ìyá oníyán tó ń gba iṣu lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ tẹ́ni náà ò bá wá, odó á dákẹ́ ni. Ká tó tún pariwo iléeṣẹ́ tuntun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè: níbo niṣu á ti máa wá?