Ẹ̀yin Ìyá Ilé, Ẹ Jẹ́ Kí A Yan Dónọ́ọ̀tì

    

Ní ibi ìsọmọlórúkọ kan tí a péjọ sí ní Sábóngàrí, níhìn-ín ní Kánò, ní àsìkò ọyẹ́, a rí ohun kan tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń gbé àwo dónọ́ọ̀tì kiri. Ó pupa, ó ń dán, ṣúgà sì bò ó lórí bí eruku ọyẹ́ ti ń bo ewé. Nígbà tí àwo náà dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí ó ni ọmọ-ọmọ tí à ń sọ lórúkọ, màmá mú ẹyọ kan, ó sì dì í mọ́ etí ìborùn rẹ̀. A ní, “Màmá, ẹ kò ní fi kan ẹnu?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, àtọ̀gbẹ sì wà níbẹ̀. Èmi ni mo ni ìnáwó, ṣùgbọ́n ojú ni mo fi ń jẹ ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àgbà wà níbi ìnáwó tirẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ máa gbẹ? A sì mọ̀ pé kì í ṣe màmá yìí nìkan. Nínú ilé mẹ́wàá tí a bá wọ̀ láàrin wa, a kì í jáde láìgbọ́ orúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ. Nítorí náà ni àwa obìnrin mélòó kan fi jókòó, a sì bi ara wa pé: ṣé dandan ni kí dónọ́ọ̀tì wọ inú òróró?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí òróró ń ṣe. Bí a bá sọ ìyẹ̀fun pípò sínú òróró gbígbóná, omi inú rẹ̀ a máa jáde, òróró a sì máa wọlé dípò rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi jinná, ọ̀rá lè tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo dónọ́ọ̀tì náà. Gíráàmù kan ọ̀rá ń fún ara ní kálórì 9, gíráàmù kan ṣúgà ń fún un ní 4. Ẹni tí ó jẹ mẹ́ta pẹ̀lú mínírà ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán kó tó di pé ìrẹsì dé.

Èyí tí ó tún burú ni òróró àlòtúnlò. Òróró tí a ti dín nǹkan sínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí ó ti dúdú, tí ó ń yọ ìfófó, tí òórùn rẹ̀ sì ti yí padà, ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí a má fi fún ọmọ wa. Bákan náà ni ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ sọ di líle, tí ó máa ń wà nínú àwọn bọ́tà kan tí ó rọ̀ lówó. Ó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì ń ba ọkàn jẹ́. Ní 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ké sí gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n mú un kúrò nínú oúnjẹ. Nàìjíríà náà ti ṣe òfin tirẹ̀, pé kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá tàbí òróró.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwa tí a ń gbé Kánò kò sì lè sọ pé a kò mọ yíyan. Ẹni tí ó bá wọ inú ìlú àtijọ́ lọ yóò rí àwọn tí ń yan gúrásà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ààrò rẹ̀ bí ìkòkò ńlá. Wọn yóò dá iná sínú rẹ̀, nígbà tí ògiri rẹ̀ bá gbóná dáadáa wọn yóò lẹ ìyẹ̀fun pípò mọ́ ọn lára, láìpẹ́ ó ti jinná. Kò sí òróró nínú iṣẹ́ náà, àfi èyí tí ẹni tí ń jẹ ẹ́ bá fẹ́ dà sí i pẹ̀lú kúlíkúlí. Ọ̀rọ̀ “àlìkámà” tí à ń sọ pàápàá, ọwọ́ Haúsá ni a ti gbà á. Wọ́n ń fi omi ìbomirin gbin àlìkámà ní agbègbè wa yìí nígbà ọyẹ́, nítorí òtútù ni ó fẹ́ràn. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú ṣòkòtò wa.

Àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, ojú tì wá. A gbé e sínú ìkòkò tí a kò fi nǹkan kan tẹ́ nídìí: ìsàlẹ̀ jóná, òkè funfun bí ẹfun. Mílíìkì tí a fi pò ó sì ti gbóná jù, ó ti pa ìwúkàrà, kò wú rárá. Àwọn ọmọ ní kí a kó o fún àwọn bíríkìlà. Nítorí náà, ohun tí a ń sọ fún yín yìí, a ti jìyà rẹ̀ ká tó mọ̀ ọ́n.

Fún dónọ́ọ̀tì 12, ẹ wá àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Fùláwà funfun, gíráàmù 350.
Ìyẹ̀fun àlìkámà tí a kò yọ èèpo rẹ̀, gíráàmù 150.
Ṣúgà, ṣíbí ìjẹun 4 tí kò kún kọjá etí, ìyẹn bí gíráàmù 50.
Ìwúkàrà gbígbẹ tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì, ṣíbí tíì 2.
Iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì.
Ẹyin 1.
Mílíìkì olómi, mìlílítà 250.
Òróró ẹ̀pà, ṣíbí ìjẹun 2.
Nọ́tímẹ́ẹ̀gì rínrin díẹ̀, fún òórùn dídùn.

Ẹ mú kí mílíìkì lọ́wọ́ọ́rọ́. Bí ẹ bá ki ìka bọ̀ ọ́ tí ó bá ta yín, ó ti gbóná jù. Ẹ da ìwúkàrà àti ṣíbí ṣúgà kan sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá yọ ìfófó, ó wà láàyè. Bí kò bá yọ ọ́, ẹ má fi fùláwà yín ṣòfò. Ẹ wá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì pò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó péye. Ìyẹ̀fun náà yóò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn bu fùláwà sí i púpọ̀, nítorí òun ni ó ń mú un le. Ẹ ní sùúrù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí ó bá ń fà láìjá, ó ti tó.

Ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ó wú di ìlọ́po méjì. Nígbà ooru, wákàtí kan ti tó. Nígbà ọyẹ́ ó lè gbà tó wákàtí méjì. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ má sì bò ó pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, nítorí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ yóò mú kí ojú rẹ̀ sán. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ kí ó nípọn bí ìka kan, ẹ fi ẹnu ife gé e, ẹ sì fi ìdérí ìgò lu àárín rẹ̀. Ihò náà kì í ṣe ẹwà lásán, òun ni ó ń jẹ́ kí ooru dé inú. Atukọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Hanson Gregory, sọ pé òun ni òun kọ́kọ́ lu irú ihò bẹ́ẹ̀ ní 1847, nítorí àárín dónọ́ọ̀tì ìgbà náà kì í jinná. Ẹ tò wọ́n sórí páànù tí ẹ fi òróró pa fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún wú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹni tí ó ní ààrò onígáàsì tàbí ti iná mànàmáná, kí ó fi sí 180, kí ó sì yan án fún ìṣẹ́jú 12 sí 15. Ẹni tí kò ní, kí ó wá ìkòkò irin ńlá tí ó nípọn. Kí ó da iyanrìn gbígbẹ tí ó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó ga tó ìka méjì. Kí ó to òkúta mẹ́ta sórí iyanrìn náà tí páànù yóò jókòó lé. Kí ó dé e, kí ó sì fi iná sí i fún bí ìṣẹ́jú 25 kí ó tó gbé páànù wọlé. Èédú díẹ̀ lórí ìdérí ni yóò jẹ́ kí òkè rẹ̀ pupa. Ẹ má ṣe ṣí i wò lemọ́lemọ́. Ó lè pẹ́ díẹ̀ ju ti ààrò lọ; nígbà tí òkè bá ti pupa, tí ìsàlẹ̀ sì ń dún kó-kó bí a bá fi ìka kàn án, ó ti jinná.

Ẹ jọ̀wọ́, ìta gbangba ni kí ẹ ti lo èédú. Ẹ má ṣe gbé e wọ inú ilé tí ẹ ti ti fèrèsé rẹ̀ nítorí òtútù. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára èédú kò ṣeé rí, kò sì ní òórùn, ṣùgbọ́n a máa pa odidi ìdílé mọ́jú.

Dónọ́ọ̀tì tí a yan yìí, ọ̀rá inú rẹ̀ kò tó ìdajì ti èyí tí a dín. Ṣúgà inú ẹyọ kan jẹ́ bíi ṣíbí tíì kan. Ṣùgbọ́n a kò ní tan yín jẹ: kì í ṣe oògùn. Fùláwà náà a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ẹyọ kan ni kí ó jẹ, kí ó fi ẹ̀wà tàbí ẹyin tì í lẹ́yìn, kí ó má fi mínírà sìn ín, kí ó má sì tìtorí rẹ̀ fi oògùn sílẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ bi àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Fún àwọn ọmọdé tí ń fẹ́ adùn lórí rẹ̀, ẹ rẹ dàbínò, ẹ gún un, ẹ sì fi díẹ̀ pa á. Ṣúgà wà nínú dàbínò náà, nítorí náà kí ó mọ níwọ̀n.

Nígbà tí a tún pàdé, a yan ogójì, a sì gbé àwo lọ sí ọ̀dọ̀ màmá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bi nọ́ọ̀sì tí ń yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ó ní ẹyọ kan kò burú. Màmá jẹ ẹ́ tán pátápátá, kò sì di nǹkan kan mọ́ etí ìborùn. Ó ní, “Kò dùn tó ti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu ni mo fi jẹ èyí.”

Ẹ̀yin ìyá ilé tí ẹ bá yan tiyín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí akọ̀wé wa gbọ́ bí ó ti rí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ bá rí ọgbọ́n tí ó ju tiwa lọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a máa fi ayọ̀ pàdé, kí ó sì jẹ́ kí àwọn àgbà wa bá wa jẹ nínú rẹ̀. Àmín.