Kí Ẹ Tó Ra Màlúù Tó Ti Ẹ̀yìn Bodè Wá

Púpọ̀ nínú màlúù tí à ń pa jẹ ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta kì í ṣe ẹran ìtòsí. Òmíràn ti orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r gba ọjà Illela ní Sókótó tàbí Maigatari ní Jigawa kọjá kí ọkọ̀ tó já a sí kara Akínyẹlé. Òmíràn ti Bẹ̀nẹ̀ wá, ó gba agbègbè Ṣakí wọlé. Òwò àtayébáyé ni, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Màlúù tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá ni a kò fẹ́ kí ẹ rà.

Láti 1998 ni àjọ ECOWAS ti fi àyè gba darandaran láti da ẹran kọjá bodè, bí ó bá mú ìwé ẹ̀rí tó sọ iye ẹran, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ti gbà, bodè tí wọn yóò bá wọlé àti ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ ṣọ́ra o: ìwé ìjẹko nìyẹn. Ẹni tó ń kó ẹran wọ Nàìjíríà fún títà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin àrùn ẹran ṣe là á sílẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ìwé ìlera tí dókítà ẹran ìjọba fọwọ́ sí níbi tí ẹran ti ṣí. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dúnàádúrà.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà máa ń sọ pé ojú àwọn mọ màlúù tó le. Ojú ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ dúró wò ó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bó bá na ọrùn síwájú, tó ya ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbàgà, tó ń wúkọ́ bó ti ń mí, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni kí ẹ fura sí. Bí itọ́ bá ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n la ẹnu náà, kí ẹ wo ahọ́n àti èrìgì bóyá egbò tàbí ìléròrò wà níbẹ̀, kí ẹ tún wo àárín pátákò. Àmọ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró yìí lè wà lára màlúù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé oṣù mẹ́fà kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ara ẹran sì máa dán ní gbogbo àsìkò yẹn. Kò sí ojú tó lè rí i. Ìtàn ibi tí ẹran ti wá àti abẹ́rẹ́ tó ti gbà nìkan ló lè ràn yín lọ́wọ́, ẹran tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé kò sì ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ sínsìn lẹ fẹ́ sìn ín, ẹ fi sí ọgbà ọ̀tọ̀ fún oṣù kan ó kéré tán, kó má bá agbo yín mu omi pọ̀. Bó bá jẹ́ pípa ni, ẹ béèrè oògùn tí wọ́n fún un láìpẹ́ yìí, nítorí oògùn náà lè ṣì wà nínú ẹran tí ẹ ó jẹ.

Ọ̀rọ̀ àrùn áńtíráàsì kò ṣeé fi falẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023 ó wà ní àríwá Gánà. Ní oṣù keje, wọ́n rí i ní oko ẹran kan ní ìpínlẹ̀ Niger níbí. Bí màlúù bá ṣàdéédéé kú, tí ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì ń jáde nímú, lẹ́nu tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ má bó o fún pọ̀nmọ́, ẹ má tà á ní ẹ̀dínwó. A mọ̀ pé owó ńlá ni, ó sì máa ń dunni. Ṣùgbọ́n alápatà tó gé e ló máa ń kọ́kọ́ kó àrùn náà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá sì dà sí lè pa ẹran mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ lé àwọn ènìyàn àti ajá jìnnà, kí ẹ pe dókítà ẹran tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ ẹni tó ta ẹran àti àmì ara ẹran náà, kódà bó jẹ́ alágbàtà tí ẹ ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ má jù ú nù lẹ́yìn tí ẹ bá ti ta màlúù náà tán. Bí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ibẹ̀ la ó ti mọ àwọn agbo tó yẹ ká sáré lọ yẹ̀ wò.