Ta Ni svchost.exe? Bí A Ti Ń Wádìí Àjèjì Inú Kọ̀ǹpútà

Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń kó máàkì ìdánwò àṣekágbá jọ, ọ̀dọ́ olùkọ́ kan sáré pè mí sídìí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ wá bá mi wò ó. Olè ti wọ inú ẹ̀rọ yìí o!” Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń wọ́ bí ìgbín. Ó ti ṣí Task Manager, èyíinì ni ibi tí Windows ń to orúkọ gbogbo iṣẹ́ tí ń lọ nínú rẹ̀ sí, àti èyí tí a ń fojú rí àti èyí tí ń lọ lábẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí orúkọ kan tí kò mọ̀ rí, svchost.exe, tí a tò sílẹ̀ ju ìgbà ogójì lọ. Ó ti fẹ́ máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, “Àbúrò mi, mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Máàkì ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ni ó wà nínú ẹ̀rọ yìí, a kò sì tíì kọ ọ́ sí ibòmíràn.”

Ẹ̀yin olùkàwé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí svchost.exe í ṣe. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò mọ sí lẹ́tà tí a ń tẹ̀ nìkan. Bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ mìíràn ń lọ lábẹ́lẹ̀: ọ̀kan ń tọ́jú aago, ọ̀kan ń ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ń wá àtúnṣe tuntun láti ọ̀dọ̀ Microsoft. Púpọ̀ nínú wọn kò lè dá rìn. Àfi kí ohun kan gbé wọn. svchost.exe ni ọkọ̀ tí ń gbé wọn, àwọn ni èrò inú ọkọ̀. Ní àtijọ́, èrò púpọ̀ a máa há sínú ọkọ̀ kan, bí ọ̀kan bá sì fa jàǹbá, gbogbo wọn a jọ fara gbá a. Láti ọdún 2017, nígbà tí ẹ̀dà Windows 10 tí a ń pè ní 1703 jáde, bí ìrántí ẹ̀rọ bá ju 3.5 GB lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn èrò náà ni ó ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí orúkọ náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Pípọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àmì àìsàn. Bí ẹnì kan bá sì fi ìbẹ̀rù pa èyí tí kò yẹ nínú wọn, Windows fúnra rẹ̀ lè kú pátápátá, iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ yóò sì bá a lọ.

Síbẹ̀ ẹ̀rù ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ṣàì ní ìdí. Olè tí ó gbọ́n kì í wọ aṣọ olè. Níwọ̀n bí ojú gbogbo ènìyàn ti mọ́ svchost.exe, orúkọ yìí gan-an ni àwọn tí ń ṣe ètò búburú fẹ́ràn láti jí lò. Àwọn kan a kọ ọ́ ní scvhost.exe, wọn a gbé lẹ́tà kan ṣáájú èkejì. Àwọn mìíràn a fi òdo rọ́pò lẹ́tà o, yóò di svch0st.exe. Ẹni tí ń kánjú kò ní rí i. Àwọn tí ó gbójú jù bẹ́ẹ̀ lọ a tilẹ̀ kọ ọ́ pé pérépéré. Nítorí náà ilé ni kí a bèèrè, kì í ṣe orúkọ.

Ilé svchost.exe tòótọ́ ni C:\Windows\System32. Lórí ẹ̀rọ oní-64-bit, òmíràn tún wà ní C:\Windows\SysWOW64. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ náà, kí ẹ yan Open file location, fódà tí ó ń gbé yóò sì ṣí. Bí wọ́n bá pọ̀, ní abala Details ẹ lè fi òpó Image path name kún un, ilé gbogbo wọn yóò hàn lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ẹ bá bá ní Temp tàbí Downloads tàbí AppData, irọ́ ni ó ń pa. (Kí ẹ má ṣe gbọ́ mi ṣì o: ètò gidi púpọ̀ ni ó ń gbé AppData. svchost.exe ni n kò gbà fún níbẹ̀.)

Ẹ tún bèèrè òbí rẹ̀. services.exe ni ó ń bí svchost.exe tòótọ́, a sì máa ń rí àmì -k nínú òpó Command line rẹ̀. Process Explorer ni ó ń to ọmọ sábẹ́ òbí kí ojú lè rí i. Iṣẹ́ Mark Russinovich ni, ẹni tí Microsoft ra ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní 2006, a kì í sì í san owó kí a tó lò ó.

Ìbuwọ́lù sì ń bẹ, ní abala Digital Signatures nínú Properties. A kò lè fi ọwọ́ lásán ṣe ayédèrú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé jí: kòkòrò Stuxnet, tí àṣírí rẹ̀ tú ní 2010, wọlé pẹ̀lú ìbuwọ́lù tí a jí lọ́wọ́ Realtek. Bí iyèméjì bá ṣì kù, VirusTotal wà, tí a dá sílẹ̀ ní Spéènì ní 2004, tí Google sì rà ní 2012. Ọ̀pọ̀ ètò adènà-kòkòrò ni yóò yẹ fáìlì tí ẹ bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ wò. Ẹ má ṣe fi ìwé máàkì àwọn ọmọ ránṣẹ́ síbẹ̀ láéláé, nítorí ẹlòmíràn lè rí i. Bí ọ̀kan bá sì pariwo tí àwọn yòókù dákẹ́, kí a ṣe sùúrù. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2010, ètò McAfee ṣèèṣì pe svchost.exe gidi ní kòkòrò lórí Windows XP. Ẹ̀rọ ní àwọn ilé-ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń kú, wọ́n ń jí, wọ́n tún ń kú. Adènà-kòkòrò ni ó dá wọn lóró lọ́jọ́ náà.

Èyí tí ó ṣòro jù ni ìgbà tí ọkọ̀ jẹ́ tòótọ́ tí èrò rẹ̀ sì jẹ́ olè. Conficker, tí ó yọjú ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, inú svchost.exe gidi ni ó ń wọ̀. Ilé pé, òbí pé, ìbuwọ́lù pé. Èrò ni kí a yẹ̀ wò nígbà náà, nípa títẹ Go to service(s). Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Àwọn ẹ̀rọ tí kò gbà á ni Conficker kọ́kọ́ fi ṣe ibùgbé.

Ní ti ẹ̀rọ wa, àwa méjèèjì jókòó tì í, a sì wo ilé gbogbo wọn. System32 ni wọ́n wà, àfi ọ̀kan ṣoṣo: scvhost.exe, nínú AppData, tí kò ní ìbuwọ́lù, tí ó sì ń jẹ ohun tí ó ju ìdajì agbára ẹ̀rọ lọ. Mo yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì. A tẹ gbogbo máàkì náà sórí ìwé, kí a tó jẹ́ kí Microsoft Defender ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ láìtan Windows, ó sì mú un. Orí ẹ̀rọ mìíràn ni a ti pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wa. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àbúrò mi ń fi ìwé wé ojú ẹ̀rọ, ó bèèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó lè ti fi fláàṣì kó o wọlé?” N kò lè dá a lóhùn. Fláàṣì tèmi náà wà lórí tábìlì.