Ta ni wọ́n máa ń bá nílé bí wọ́n bá ń kà wá ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́?

Láti Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 tí wọ́n ti gbé ọkùnrin 5 lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábùjá lórí ìkọlù ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ìlú Ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ àlejò ti tún gbẹnu àwọn èèyàn. Ilé-ẹjọ́ ló máa sọ bóyá wọ́n jẹ̀bi tàbí wọn ò jẹ̀bi. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ohun tí mò ń gbọ́ léraléra, pé àlejò ti pọ̀ ju onílé lọ ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ondo. Ta ló kà wọ́n?

Kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Ìkànìyàn ọdún 1963 béèrè ẹ̀yà àti ẹ̀sìn; ti 1991 àti ti 2006 kò béèrè ọ̀kankan. Ìjà tó máa ń tẹ̀lé irú iye bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sá fún, síbẹ̀ ìjà kò dáwọ́ dúró: mílíọ̀nù 17.5 ni ìjọba Èkó lóun kà lọ́dún 2006, àjọ ìkànìyàn ní mílíọ̀nù 9 ni.

Bí wọ́n ṣe ń kà gan-an ló sì yẹ ká yẹ̀ wò. Ẹni tí òṣìṣẹ́ bá fojú rí ni ó ń kọ sílẹ̀, níbi tó bá bá a, ibi yòówù kó ti wá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ní Oṣù Kẹta ni wọ́n fi ka ti 2006. Ẹ wo àgbẹ̀ Ìgbìrà kan tó wá láti apá Òkénè ní Kogi, tó ń dáko nílẹ̀ onílẹ̀ ní Ọ̀sẹ́, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ó lè wà lábà láti ìgbà ebè títí kan ìgbà tí kòkó bá ń jáde, láàárín Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kejìlá. Bó bá lọ kí ìyá rẹ̀ lọ́sẹ̀ ìkànìyàn, ará Kogi ni lórí ìwé. Bí kò bá lọ, ará Ondo ni. Ẹnì kan náà ni o.

Ní Sábó, àdúgbò àwọn Hausa, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Ọ̀wọ̀ ní Sábó tiẹ̀, àmọ́ ti Ìbàdàn, tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1916, ni onímọ̀ nípa àwùjọ, Abner Cohen, kọ̀wé lé lórí, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn tí Hausa ń pè ní mai gida. Oníṣòwò á da màlúù dé láti Òkè Ọya, á sùn sílé mai gida, á jẹun níbẹ̀. Alápatà á ra màlúù láwìn. Bí alápatà bá sá lọ ńkọ́? Mai gida ló máa san gbèsè náà, ìdí nìyẹn tó fi ń gba làdá, ìyẹn owó iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ilé kan lè kún lónìí kó ṣófo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣí wọlé tàbí kó lọ.

Àwọn onílé fúnra wọn ńkọ́? Ilé-Ifẹ̀ ni ìtàn ní Òjùgbẹ̀lú ti wá tẹ Ọ̀wọ̀ dó, ààfin Bìní ni wọ́n sì ní Ọlọ́wọ̀ Ọṣógboyè ti dàgbà. Àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó'Lájà lọ́dún 1971 jọ iṣẹ́ Ifẹ̀, àmì Bìní sì wà lára wọn. Ní Ìdóàní, ní Ọ̀sẹ́, àdúgbò kan wà tí wọ́n ti ń sọ Iyayu, èdè tó bá èdè Ẹ̀dó tan, nígbà tí àwọn aládùúgbò wọn ń sọ Yorùbá. Ìlú kan náà, ọba kan náà.

Lójú tèmi, ó jọ pé àwọn tó ń wá dáko ti pọ̀ sí i lápá ibẹ̀, torí iṣẹ́ oko ń fẹ́ ọwọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ tó lọ sílé ìwé kò ní fún un mọ́. Mi ò lè fi iye kankan gbè é lẹ́sẹ̀, àwọn tó ń pariwo náà kò sì lè ṣe é.

Oṣù Karùn-ún 2023 ló yẹ kí ìkànìyàn tuntun wáyé. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ ni Ààrẹ Buhari sún un síwájú. Bí àwọn tó ń kànìyàn bá tún dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú fo ẹ̀yà bí wọ́n bá ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí wọ́n ṣáà béèrè oṣù mélòó ni èèyàn ń lò lọ́dún níbi tí wọ́n ti bá a, àti èdè tó ń sọ sí ọmọ rẹ̀ nílé.