Ìjàpá Inú Korobá

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo mú ìjàpá omi kan nínú odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Kàdúná. Mo pọn omi kún korobá, mo gbé e sínú rẹ̀. Títí di ọjọ́ kejì, kò jẹun, ó kàn ń fi èékánná ha korobá ṣáá.

Àṣé mi ò mọ nǹkan kan! Ìjàpá omi kì í mí sínú omi bí ẹja; bí kò bá rí òkúta gùn, ó lè rẹ̀ ẹ́, kó sì kú sómi. Ó ń fẹ́ oòrùn. Ẹkòló àti ẹja wẹ́wẹ́ ló ń jẹ, kì í ṣe búrẹ́dì. Ẹ má lu igbá ẹ̀yìn rẹ̀ láti so okùn mọ́ ọn o: eegun ara rẹ̀ ni, á dùn ún. Bẹ́ ẹ bá sì ti fọwọ́ kàn án, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, kẹ́ ẹ má baà kó àrùn inú rírun.

Ìyá mi bi mí pé, "Ṣé ìwọ náà lè gbé inú korobá?" Mi ò rí èsì fọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo dá a padà síbi tí mo ti mú un gan-an, torí pé ní odò mìíràn, ó lè kó àrùn ran àwọn tó bá níbẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọmi lọ wéré.