Ta Ni Yóò Wọ Inú Ìléru Átọ́míìkì Tí Ó Bàjẹ́?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Idu, ní Àbújá, lọ sí Kàdúná, ẹ mọ̀ pé láti ibẹ̀, Sáríà kò tó ìrìn wákàtí méjì ní mọ́tò. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello tí ó wà ní Sáríà ni ìléru átọ́míìkì kan ṣoṣo tí Nàìjíríà ní gbé wà. Ọdún 2004 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí àyà ẹnikẹ́ni má ṣe já: ìléru ìwádìí kékeré ni, nǹkan bí 30 kìlówáàtì ni agbára rẹ̀. Ní ọdún 2018, wọ́n kó uranium alágbára inú rẹ̀ padà sí Ṣáínà, wọ́n sì fi èyí tí agbára rẹ̀ kéré rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ tún fẹ́ èyí tí yóò máa pèsè iná mànàmáná. Ní ọdún 2017, ó bá Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí rẹ̀. Bí irú ìléru ńlá bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, ta ni yóò wọlé lọ wò ó?

Ní Chernobyl, ní ọdún 1986, wọ́n kọ́kọ́ rán ẹ̀rọ gun òrùlé láti kó pàǹtírí olóró kúrò. Èyí tí wọ́n rà ní Jámánì kò pẹ́ tí ìtànṣán fi pa á. Ni wọ́n bá rán àwọn ọmọ ogun gòkè pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré fún olúkúlùkù. “Róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́ran ara” ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní Fukushima, ní Jàpáánù, ìsẹ̀lẹ̀ àti ìgbì òkun ba ìléru mẹ́ta jẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2011. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, róbọ́ọ̀tì PackBot ti Amẹ́ríkà fi apá rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó ń wọn ìtànṣán, ó ń ya àwòrán, àwọn tí ń darí rẹ̀ sì jókòó sí òkèèrè. Quince, tí àwọn ará Jàpáánù ṣe fúnra wọn, kò ríre tó bẹ́ẹ̀: wáyà tí ó ń wọ́ lẹ́yìn há, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìtànṣán ba kámẹ́rà òmíràn jẹ́ láàárín wákàtí méjì. Ó yẹ kí a béèrè owó irú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kí wọ́n tó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún náà, róbọ́ọ̀tì kékeré kan tí ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja ni ó rí ohun tí ó jọ epo ìléru tí ó ti yọ́, tí ó ṣàn wálẹ̀ bí ìda àbẹ́là. Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n tó mú díẹ̀ jáde nínú rẹ̀, kò tó gíráàmù kan. Nǹkan bí 880 tọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣírò pé ó wà nínú ìléru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.